Fọ́tò Ikùn Tí Wọ́n Yà Fún Mi ní Àjàṣẹ́

Idigny, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà

Ghislaine, Àríkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òrùlé ilé tí o háyà kò jò mọ́? Bí o bá ń bèèrè wa, gbogbo wa wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ọlọ́run tó mú ọ dé Kùtọnu kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lójú títì. Oúnjẹ tí o bá jẹ á máa dà nínú rẹ, kò ní jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Má rẹ́rìn-ín, ṣe àmín ná, o máa rí ìdí àdúrà yẹn níwájú.

Òjò ti rọ̀ níbí, àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ tí o fi owó iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́ rà ti bímọ, ìbejì ni, abo ni méjèèjì. Sidonie ìyàwó àbúrò bàbá rẹ ní kí n kí ọ fún bàtà tí o fi ránṣẹ́, ó há a lẹ́sẹ̀ débi pé ó ń rìn bí adìẹ tó tẹ iná mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní bàtà Kùtọnu kì í há, ẹsẹ̀ oko ló tóbi.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi sínú fóònù Sidonie. O bèèrè ohun tí dókítà sọ, mo sì dá ọ lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n ṣe ni o ń sọ̀rọ̀ lọ, o kò jẹ́ kí ìyá rẹ fọhùn. Mo ní kí Sidonie tún gbé e sí i kí n lè rí àyè sọ tèmi, o tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìyẹ̀, o tilẹ̀ wúkọ́ níbi tí o ti wúkọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní kò burú, iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọmọ, mo ti dárí jì í. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ọ̀rọ̀ ikùn kì í sì í ṣe ohun tí à ń sọ nínú fóònù tí gbogbo agbo ilé ń gbọ́.

O rántí pé o sọ fún mi pé wọ́n máa ti okùn kan tó ní ojú bọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun, tí yóò ya fọ́tò inú ikùn mi, pé kí n má fi ohunkóhun kan ẹnu láti alẹ́. Ọmọ mi, mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, a kì í jẹ́ kí àlejò ṣí ìkòkò kó bá a lófìfo. Ìyá tó bí mi, lọ́dún tí ọ̀dá pa àgbàdo, omi lásán ló ń gbé kaná láràárọ̀ kí àwọn ará ìta lè máa rí èéfín. Èmi wá máa gbé ikùn òfìfo lọ fún ẹni tí n kò mọ̀ rí, kó yà á ní fọ́tò, kí wọ́n máa wò ó kiri pé ìyá Ghislaine rèé, ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Kùtọnu, ẹ wo inú rẹ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo jí ní ìdájí, mo gún iyán, mo jẹ ẹ́ dáadáa, mo fi ẹran ìgbẹ́ lé e lórí kí ó lè yọ dáadáa nínú fọ́tò. Mo wọ aṣọ Àjíǹde mi, mo kun àtíkè, Sidonie wé gèlè fún mi. Ó bi mí bóyá ojú okùn náà máa rí gèlè láti inú lọ́hùn-ún. Mo ní kó dákẹ́, pé èmi kì í lọ ya fọ́tò pẹ̀lú orí òfìfo.

Nígbà tí mo dé Àjàṣẹ́, dókítà kí mi, ó bèèrè bóyá mo ti jẹun. Mo ní a dúpẹ́, a ti jẹ, a sì yó, bí ọmọlúàbí ṣe ń dáhùn. Ọkùnrin náà bínú! Ó ní bí iyán bá gòkè pàdé okùn ńkọ́, ó ní kí n máa lọ ilé, kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Jean-Baptiste tó fi alùpùpù gbé mi láti ibi tí mọ́tò já mi sí sọ pé gbogbo gèlè yìí, wọn ò tilẹ̀ yà á.

Lẹ́ẹ̀kejì, Sidonie ló ṣọ́ mi bí ẹní ṣọ́ ẹyẹ nínú oko ìrẹsì. Ẹ̀wà tí mo jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ni mo jẹ mọ, n kò fọwọ́ kan nǹkan mọ́. Wọ́n ti okùn náà bọ̀ mí lọ́fun (má jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, omijé bọ́ lójú mi bí ẹni tó ń rẹ́ àlùbọ́sà), dókítà wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, Ìyá, ẹ̀wà rèé. Ẹ̀wà àná! Ó jókòó síbẹ̀, odidi! Inú mi dùn débi pé bí kì í bá ṣe okùn, ǹ bá ti yin Olúwa. Ikùn mi kò dójú tì wá.

Ṣùgbọ́n dókítà kò yọ̀. Ó ní omi kíkan tó wà nínú ikùn, èyí tó ń se oúnjẹ, ti dín kù nínú tèmi, ó jọ pé òun ló fà á tí inú mi fi ń wú bí ìlù tí wọ́n fi sóòrùn, tí mo fi ń gùnfẹ̀ láàárín ìsìn. Ó ní ásíìdì ni. Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kétu, n kì í ṣe òpè, mo rántí pé ásíìdì a máa sọ bébà aláwọ̀ búlúù di pupa. Mo bi í bóyá kí n gbé bébà náà mì kí a lè mọ èyí tó kù. Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wọlé. Mo wá rántí bátìrì alùpùpù Jean-Baptiste, pé bí ásíìdì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, wọ́n a bu òmíràn sí i. Ẹ̀rín ọkùnrin náà dá wáí. Ó mú mi búra pé n kò ní sún mọ́ bátìrì Jean-Baptiste láéláé. Mo jíṣẹ́ fún Jean-Baptiste, ó bínú, ó ní kò sẹ́ni tó tíì fi ẹjọ́ bátìrì òun sùn rí.

Àríkẹ́, ibi tí mò ń lọ́ra láti dé nìyí. Dókítà bèèrè irú oògùn tí mò ń lò. Mo fi ìyangàn yọ hóró oògùn àyà jíjó tí o ń fi ránṣẹ́, mo ní ọmọ mi ni. Ó bèèrè ìgbà tí mo ti ń lò ó. Mo ní láti ọdún tí o ti wọ iṣẹ́, n kò fo ọjọ́ kan rí. Ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní oògùn fún ẹni tí omi kíkan pọ̀ jù ni, fún ìgbà díẹ̀ ni, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé a ti pa iná àyà tó ń jó mi, a sì tún pa ti ààrò tó ń se oúnjẹ nínú ikùn mọ́ ọn.

Má sunkún, má sì dá ara rẹ lẹ́bi. Ìwọ ń bèèrè bóyá oògùn ti tán, èmi ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, torí bí mo bá ní ara mi ti yá, o lè rò pé n kò mọ rírì rẹ̀. Ìwọ náà rò pé ara ìyá kò tíì yá, o tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ìfẹ́ ló ń ti wa síwá sẹ́yìn. Ní alaalẹ́, kí n tó mi omi lé e, mo máa ń dárúkọ rẹ. Ó dà bíi pé o yà kí mi. N kò mọ̀ pé oògùn ni mò ń jẹ, ìwọ ni mo rò pé mò ń gbà lálejò.

Dókítà ní kí n má dá oògùn náà dúró lójijì, ó ti sọ bí n óò ṣe máa dín in kù. Kí n máa jẹ díẹ̀díẹ̀, kí n máa jẹ ẹ́ lẹ́nu títí yóò fi rọ̀, kí n má dùbúlẹ̀ lórí oúnjẹ. Ó ní mò ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nídìí àwo? Sidonie ń jókòó tì mí, ó ní òun ń ṣọ́ bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹran mi lojú rẹ̀ wà.

Dókítà fún mi ní fọ́tò náà. Ó pupa bí inú gúáfà. Mo gbé e kọ́ sáàárín fọ́tò bàbá rẹ àti tìrẹ ti ọjọ́ kọmúníọ̀n. Katikíìsì ìjọ wa bèèrè ta ni, mo ní èmi ni. Ó wò ó títí, ó ní mo rù díẹ̀.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, wá owó díẹ̀ fún mi, wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, fọ́tò náà sì nílò férémù tó ní gíláàsì kí eruku má bàa wọ ikùn mi. Má fi oògùn ránṣẹ́ mọ́. Má fi owó náà gba orí fóònù, má fi rán awakọ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá.

Ọlọ́run á pèsè fún ọ níwájú, á pèsè fún ọ lẹ́yìn. O ò ní jẹ oúnjẹ ìbànújẹ́. Ọmọ tìrẹ náà á wá ọ wá. Bí o bá ń bọ̀, má ra nǹkan jẹ lójú ọ̀nà, gbé ikùn òfìfo wá. Iwájú ìyá ẹni nìkan ni òfìfo kò ti jẹ́ ìtìjú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Thérèse