Èmi Ni Mo Ń Dín Atẹ́gùn Ara Mi Kù

Èmi ni mo ń dín atẹ́gùn ara mi kù nígbà tí ọmọ mi bá jáde, mo sì ń gbé e padà sókè kí ó tó wọlé. Mi ò kábàámọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní aṣebi, kí ó kọ́kọ́ kà á tán. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ ẹ̀yin ará ojú ewé yìí, mi ò wá gba èébú.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa, Ọ̀wọ̀ ni mo ń gbé, ìyàwó mi ti kú. Sọ́míìlì kan ní Ute ni mo ti fi ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣiṣẹ́, eruku igi lọ́sàn-án, sìgá nírọ̀lẹ́... Mo ti jáwọ́ nínú méjèèjì tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró mi kò gbàgbé. Wọ́n ní irú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró yìí kì í lọ mọ́, èèyàn á kàn máa bá a gbé ni. Ó dáa, èmi náà ń bá a gbé. Ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá mi tó ń fa afẹ́fẹ́ ilé, tó ń sẹ́ ẹ, tó ń fún mi ní ojúlówó atẹ́gùn láti inú rọ́bà tó wọ imú mi. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rẹ̀ tí bọ́ọ̀lù kékeré kan ń léfòó nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yí ojú ẹ̀rọ náà, bọ́ọ̀lù á gòkè, atẹ́gùn á pọ̀ sí i. Bọ́ọ̀lù yìí ló fẹ́ tú ilé mi ká.

Ọmọ mi obìnrin ló ra ẹ̀rọ náà. Tíṣà ni, òun nìkan ni Ọlọ́run fún wa, Àkúrẹ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ó sì wá fi ìsinmi Kérésì tọ́jú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ kí ẹ má baà rò pé ọmọ burúkú ni. Mo ti bí i kí n tó lọ sí ilé ìwé àgbà. Orí tábìlì kan náà ni èmi àti ọmọ yìí ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wa, òun ló sì ń fi báírò pupa máàkì tèmi. Bí mo bá gbà á, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ dáadáa ni mí. Ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú rẹ̀. Ìyá náà ló kú níṣojú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ fún atẹ́gùn, wọ́n ní sílíńdà ti tán, kí ó ṣe sùúrù, wọ́n ti lọ gbé òmíràn. Òmíràn dé. Ìyàwó mi kò dúró dè é. Ọmọ mi kò sunkún níbẹ̀. Ó kàn sọ pé atẹ́gùn kò ní wọ́n ẹnikẹ́ni nínú ilé wa mọ́ láéláé.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti le. Nígbà tí èémí mi kọ́kọ́ há, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi, kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ o. Ọrùn ọwọ́, níbi tó ti ń sọ kìkì, ni wọ́n gún, ó dùn mí dé eyín. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń sọ bí atẹ́gùn rere ṣe pọ̀ tó nínú ara, àti èémí burúkú tó yẹ kí èèyàn mí síta tí kò jáde, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ ti kan, ìyẹn ni pé ásíìdì ti pọ̀ nínú rẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan wo èsì rẹ̀, ó rí i pé èémí burúkú náà pọ̀ jọjọ, ó ní kí wọ́n máa múra láti ki rọ́bà bọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin wọlé, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo bóyá ẹ̀jẹ̀ mi kan. Kò kan. Ó ṣàlàyé fún mi pé èémí burúkú yẹn ti ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kíndìnrín mi sì ti ń fi ohun tó ń pa kíkan bá a dọ́gba díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ òjijì ló dé ni, ẹ̀jẹ̀ mi ì bá ti kan bí omidùn. “Bàbá, ó ti mọ́ yín lára,” ohun tó wí nìyẹn. Ó ní kí n má lé nọ́ńbà ẹlòmíràn. Tèmi, lórí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti ka atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, kí ó wà láàárín 88 sí 92. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ara irú wa lè dẹwọ́ nínú mímí, èémí burúkú á kóra jọ, oorun á gbé èèyàn lọ.

Lójú ọmọ mi, 88 ikú ni. Mo ní ṣebí 89 á gba A ní ilé ìwé yín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣahun atẹ́gùn sí ìyá òun náà nìyẹn, ẹ máníìjì, ẹ máníìjì, títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́ yìí, mo sùn lọ́sàn-án. Ó wo ìka mi, nọ́ńbà náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbé bọ́ọ̀lù dé òkè pátápátá, ó bò mí láṣọ, ó lọ sí ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tají, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń la igi nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ó sì wúwo. Mo rí bọ́ọ̀lù lókè. Mo wọ́ ara mi débẹ̀, mo yí i wálẹ̀. Ibẹ̀ ni mo mọ mọ. Nígbà tí ó dé, ó bá mi nílẹ̀, ó jí mi jí mi, mi ò jí, ó sì bá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀. Kí ni ẹ rò pé ó máa rò? Ó sọ fún gbogbo ilé ìwòsàn pé bàbá òun dín atẹ́gùn kù, pé ó fẹ́ lọ bá ìyá òun. Wọ́n tún gún ọrùn ọwọ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti kan. Wọ́n de nǹkan kan mọ́ mi nímú àti ẹnu, ẹ̀rọ ń ti èémí wọlé títí ojú mi fi là. Dókítà obìnrin yẹn ní kí gbogbo èèyàn bọ́ síta. Ó bi mí pé ta ló gbé bọ́ọ̀lù sókè, nítorí àìtó atẹ́gùn kọ́ ló fa èyí. Mo ní èmi ni. Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀, ó mọ̀ pé irọ́ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má sọ fún ọmọ mi. Ó ní òun ò ní tú àṣírí mi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe máa tún un ṣe. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó tún sọ 88 sí 92 fún ọmọ mi. Ọmọ mi ń mi orí. Mo mọ orí mímì yẹn, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbà ṣe ń mi orí fún tíṣà nìyẹn. Láti ìgbà tí a délé, ó tún ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá ibi tí dókítà wí.

Bí mo ṣe di ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n rán katikísìtì sí mi kí ó wá wàásù. Mo gbọ́ ìwàásù náà tán, mo ní ó ṣeun. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Alfa, télọ̀ ni láàárín ìlú, jókòó tì mí, ó ní, “Ìwọ tí o ṣì ń bá mi jà nítorí sòkòtò tí mo rán kúrú, ìwọ ni wọ́n ní o fẹ́ kú? Ta lo fẹ́ fi sòkòtò náà sílẹ̀ fún?” Òun nìkan ló pa mí lẹ́rìn-ín.

Mi ò fẹ́ kú. Nígbà òjò tó kọjá, mo jókòó lórí àpótí ní oko mi ní Upenmen, mo ń fi ọwọ́ júwe, wọ́n ń bá mi gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kú kì í gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyàwó mi, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ránṣẹ́ pè mí.

Ní báyìí, ilé ìwé fẹ́ wọlé. Lọ́jọ́ Sátidé ni ọmọ mi fẹ́ kó mi lọ sí Àkúrẹ́, kí n máa sùn níbi tí ojú rẹ̀ á ti tó mi. Ó ti bá ẹlẹ́rọ kan sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí yóò gbé bọ́ọ̀lù síbi tó wu ọmọ mi, tí yóò sì yọ ibi yíyí náà kúrò kí ọwọ́ mi má baà tó o mọ́. Bí mo bá dákẹ́, ìfẹ́ ọmọ mi ló máa pa mí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó máa mọ̀ pé ọwọ́ òun, ọwọ́ tó ń máàkì ìwé mi, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó rí ìyá rẹ̀ tí àìtó atẹ́gùn pa, kó tún wá gbọ́ pé àpọ̀jù ni òun fi ń pa bàbá òun... Ṣé èèyàn ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kó tún dìde dúró? Nítorí ìyẹn ni mo ṣe gbà kí wọ́n máa fojú ẹni tó fẹ́ kú wò mí. Mo lè gbé tèmi. Mi ò mọ̀ bóyá ó lè gbé tirẹ̀.

Ó ti lọ sọ́jà. Mo ti yí bọ́ọ̀lù wálẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ìka mi ń ka 90, orí mi sì mọ́ kedere. Lónìí, mi ò ní gbé e padà sókè. Kí ó wọlé, kí ó bá a bẹ́ẹ̀. Á tún bi mí bóyá mo fẹ́ lọ bá ìyá òun, mo sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀? Àbí kí n kàn jókòó pa sínú ilé mi, kí n ní mi ò lọ sí Àkúrẹ́, kí n má ṣàlàyé? Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ pé kí n lọ gbàdúrà, mo ti gbà á. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí n ó sọ fún un ni mo ń wá, ọjà ò sì jìnnà sílé wa.