Bàbá Dayọ̀, Ẹ Wá Wo Kàlẹ́ńdà Tí Jùmọ̀kẹ́ Ṣe

Bàbá Dayọ̀, ọdún tún pé. Ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé tí oṣù Òkúdù ń dé bá wa nílé láìbá yín níbẹ̀. Ọlápàdé ọmọ Àkànkẹ́! Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ará ilé níbi àjò yìí, tó máa ń dé ìpàdé ṣáájú ẹni tó ni pálọ̀! Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà, àárò yín ò sì tíì dín.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ẹkún kọ́ la gbé wá, ìròyìn ayọ̀ ni. Ilé Rumuokwurushi tí ẹ kọ́ dé ojú fèrèsé ti ní òrùlé, a sì ti ń gbé inú ẹ̀. Dayọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Onne, ó ń jí ní aago márùn-ún láìsí ẹni tó gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn létí. Ìyàwó yín ṣì ń ta aṣọ ní Rumuomasi. Gbogbo ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ti Jùmọ̀kẹ́ ọmọ yín ló ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ rántí pé nọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ kó ṣe. Ẹ ní àwòrán yíyà ò lè bọ́ èèyàn, ẹ ní ọmọ tó ń fi pẹ́ńsù ṣeré yóò fi ebi ṣeré tó bá dàgbà. Ìjà tí ẹ̀yin méjèèjì jà kẹ́yìn nìyẹn, ikú ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ parí ẹ̀. Ọmọ náà gbé e sọ́kàn. Nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ iṣẹ́ ọnà, ìyá rẹ̀ nìkan ló sìn ín lọ, ó sì sunkún lọ́nà torí pé kò mọ ohun tí ẹ ó sọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wọn níbẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Wọ́n kó bébà dúdú mẹ́ta fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n tò ó sórí bébà funfun kan kó lè wu ojú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi tò ó, tó ń tú u, tó tún ń tò ó. Ó ní òun ti rí i pé ojú èèyàn ní ibi tó kọ́kọ́ máa ń bà sí, àti pé nǹkan kékeré tó dá wà ní gbangba máa ń wúwo lójú ju èrò lọ. Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ò sinmi mọ́ nínú ilé. Ó tún àga pálọ̀ tò. Ó tún àwo tò. Ó dé ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ó kó gbogbo aṣọ aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn, ó fi ẹyọ aṣọ pupa kan síwájú. Ìyá rẹ̀ ń ráhùn lọ́wọ́ ni oníbàárà kan yà wá láti títì, ó ní aṣọ pupa yẹn lòun fẹ́. Ìráhùn parí, ìyá rẹ̀ ń ka owó.

Ìgbà tó di ọdún àṣekágbá ni wàhálà dé. Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Dagogo, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ní kí kálukú ṣe iṣẹ́ tí àwọn èèyàn gidi yóò gbé kọ́ sínú ilé wọn tìfẹ́tìfẹ́. Bí àwọn tí ó ṣe é fún bá kọ̀ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò tún ọdún yẹn kà. Jùmọ̀kẹ́ lóun á ṣe kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ti ọdún 1993. Irú kàlẹ́ńdà tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe lọ́dọọdún fún ọdún mọ́kànlá!

Ó ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gé fọ́tò àwọn àgbà mọ́ ọrùn kí ojú wọn lè tóbi, ó sì fi ìdajì bébà sílẹ̀ ní funfun. Ó gbé e lọ sípàdé nílé Bàbá Bashiru, alága. Bàbá wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn bébà náà, wọ́n wá gbójú sókè.

"Jùmọ̀kẹ́, abeg, ọwọ́ mi dà?"

Màmá Jemilat ń wá ẹsẹ̀ tiwọn, torí bàtà tuntun ni wọ́n wọ̀ lọ sílé onífọ́tò. Ariwo sọ. Wọ́n ní ta ló ń gé àgbàlagbà tó wà láàyè sí méjì, kó tún gbé e kọ́ sára ògiri fún odindi ọdún? Wọ́n bi í pé ta ló ni ibi òfìfo yẹn. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní bí kò bá tún un ṣe, àwọn á wá ẹlòmíràn.

Ọmọ yín sunkún délé. Ó ní òun ti mọ̀ pé òun á tún ọdún yẹn kà, òun á sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàbá òun ṣẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó fa kàlẹ́ńdà yín mọ́kọ̀ọ̀kànlá jáde lábẹ́ ibùsùn, bóyá yóò rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Tóò, ẹ má bínú, Bàbá Dayọ̀, wọ́n pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Àpótí kéékèèké, àpótí kéékèèké, bíi kábìn bísíkíìtì nínú páálí! Ó wò ó, ó tún un wò, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Nínú ọdún mọ́kànlá, ẹ ò gé ọwọ́ ẹnì kan. Ẹ ò gé ẹsẹ̀ ẹnì kan. Ìyá rẹ̀ wá sọ fún un pé lọ́dún 1983, ọkùnrin kan bá yín yodì fún oṣù mẹ́ta nítorí pé ó fẹ́ kí fọ́tò tirẹ̀ tóbi, ẹ sì ní bí orí rẹ̀ bá tóbi, ẹsẹ̀ Ìyá Àríyọ̀ tí àpótí wọn wà lókè tirẹ̀ ni yóò lọ sí i.

Jùmọ̀kẹ́ ní òun ti rò pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa títo àwòrán. Ó ní ẹ mọ èyí tí wọn ò kọ́ òun: kí èèyàn jókòó ní pípé, ọwọ́ lórí orúnkún, ẹsẹ̀ nílẹ̀, kó wo ẹni tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n ó rí àṣìṣe tiyín náà. Ẹ pààlà sáàárín àwọn èèyàn tó ń bára wọn jẹun. Ó ní òun á pa òfin yín mọ́, òun á sì fọ́ àpótí yín.

Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé yípo ara ẹnì kọ̀ọ̀kan láìfi ìka kan ṣòfò, èèyàn mẹ́tàlélógún. Ó to àwòrán wọn lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ọjọ́ ìpàdé, àgbà níwájú, ọ̀dọ́ ní ìdúró lẹ́yìn. Ó wá ku ibì kan. Òkèèrè ni wọ́n ti ya Bàbá Bashiru, wọ́n wá dà bí ọmọ-ọmọ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Jùmọ̀kẹ́ bẹ Múrítàlá onífọ́tò, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wà nínú yàrá tí ó ti ń fọ fọ́tò, tí wọ́n ń sọ èyí di ńlá, tí wọ́n ń sọ tọ̀hún di kékeré, títí orí gbogbo wọn fi dọ́gba. Ó tẹ́ oṣù méjìlá sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn bí ẹní. Òkè orí wọn, ó fi í sílẹ̀ ní funfun síbẹ̀. Ìyẹn ni kò fẹ́ yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n tilẹ̀ máa ní kóun tún ọdún kà.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Bàbá Bashiru kọ́kọ́ ka ìka ọwọ́ wọn nínú àwòrán náà. Ó pé mẹ́wàá. Wọ́n wá gbójú sí ibi funfun yẹn.

"Ibi tí a ti ń mí nìyí," ni bàbá wí.

Ó parí! Igba ni wọ́n tẹ̀, ó tán kí ọdún Kérésìmesì tó dé. Ọ̀gbẹ́ni Dagogo fúnra rẹ̀ rìn yí Rumuomasi ká, ó sì bá a nílé méje, títí kan ilé onílé kan tó jẹ́ ará Ikwerre, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rárá. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó ní, "My pikin, I no get anything to add." Ipò kìíní ni Jùmọ̀kẹ́ ṣe nínú gbogbo wọn! Ó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé báyìí, àwọn tó dàgbà jù ú lọ sì ń pè é ní ọ̀gá. Ó ní ká sọ fún yín pé òun ló borí ìjà yẹn, pé ìdajì máàkì náà sì jẹ́ tiyín.

Kàlẹ́ńdà tí ọdún rẹ̀ bá parí, ẹ mọ ohun tí à ń fi ṣe. Wọ́n á fi bo ìwé ọmọléèwé, wọ́n á fi di àkàrà. Ọdún 1994 ti dé ìdajì, a sì rìn yí ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ká lọ́sẹ̀ yìí. Ti 1993 ṣì wà lára ògiri, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé tuntun kọ́ sí. A bi Màmá Jemilat pé kí ló dé tí wọn ò já a. Wọ́n ní èèyàn kì í lé ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́.

Ọdún tiyín náà ti parí, Bàbá Dayọ̀. A ò já yín. Ẹ jókòó.