Ẹ̀gbọ́n Rẹ Ló Wó Ààfin Wa

Ojúlé Kejìlá,
Dàda Estate,
Òṣogbo.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Àgbékẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọyẹ́ o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìbàdàn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa ń ka lẹ́tà sí wọn létí. Jọ̀ọ́, má ka eléyìí. Ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́runyọmí, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni. Àgbà ni, ó sì yẹ kí n máa pè é ní "wọn", ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀, kò kọ ọ́.

Lóṣù Kọkànlá ló wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Ìwàlẹwà, ìwọ tó o ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bá wa kọ̀wé kí ìjọba tún ààfin àtijọ́ ìlú wa ṣe." Inú mi dùn débi pé mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wọn ògiri, tí mo ń ya fọ́tò àwọn òpó gbígbẹ́. Ìyá Béjidé, olorì ọba tó wàjà, ló ń mú mi kiri. Wọ́n fi ibi tí àwọn olorì ayé ìgbà kan ti fọwọ́ rẹ́ ògiri hàn mí. Ipa ìka wọn ṣì wà lára amọ̀.

Ojú ìwé mẹ́ta ni mo kọ. Mo ní ògiri ṣì le, òrùlé ló ń jò. Orúkọ àti ìbuwọ́lù mi nìkan ló wà ní ìkẹta. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá, n kò tilẹ̀ ṣe ẹ̀dà. Ta ní í ṣe ẹ̀dà ìwé nítorí ẹ̀gbọ́n ẹni?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni wọ́n pè mí pé katakata ti wọ ààfin. Kí n tó dé, àgbàlá iwájú ti di òkìtì. Mo figbe ta. Ìyá Béjidé na ìwé kan sí mi, wọ́n ní, "Kí lò ń ké sí? Ṣebí ìwọ lo ní kí wọ́n wó o."

Ojú ìwé kẹta, tèmi ni. Méjì àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ló fi tirẹ̀ rọ́pò wọn: ó ní ògiri ti jẹrà, pé yóò pa èèyàn. Àṣé òun ló gba iṣẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀!

Ó wà níbẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ṣe yìí?" Kò jiyàn. Ó ní, "Amọ̀ ṣáà ni. Àbí o ò fẹ́ kí ìlú wa lajú ni?" Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ẹni tó pọ̀n mí lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ tí ejò bù mí jẹ!

Mo sáré mú jótà tí mo kọ ìwọ̀n àwọn ògiri sí tọ Kábíyèsí tó wà lórí oyè báyìí lọ. Wọ́n dá katakata dúró. Àgbàlá ẹ̀yìn àti òpó márùn-ún ló kù. Ìyá Béjidé kò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, ò bá ti fọwọ́ ara rẹ mú ìwé náà wá." Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n jẹun.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n rẹ gbé iṣu wá sílé mi. Kò tọrọ àforíjì. Ó ní kí n sọ nípàdé ìlú ní Sátidé tó ń bọ̀ pé àṣìṣe ni, nítorí tìẹ. Mo ní kó gbé iṣu rẹ̀. Òótọ́ ni màá sọ, Àgbékẹ́. Mo fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó o tó gbọ́ ọ níta. Má bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un. Bí o bá sì torí rẹ̀ dákẹ́ sí mi, n kò ní bínú. Àárò rẹ ni yóò máa sọ mí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, Testimony àti àwọn ọmọ yòókù. Kí Màmá, sọ fún wọn pé mo wà dáadáa.

Èmi ni, ẹni tí ẹ jọ dàgbà,
Ìwàlẹwà.