Ẹ̀yìnkùlé Tí Bọ̀dá Dìran Fẹ́ Tà

Ọjọ́ Ajé, 4 Òkìtóbà 1948
Mo ti sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e sínú. Àárọ̀ yìí ni mo tó lè sọ fún Màmá pé Bọ̀dá Dìran fẹ́ ta ẹ̀yìnkùlé fún onípákó kan. Ibẹ̀ ni ìkòkò aró wọn wà láti ọdún tí wọ́n bí mi. Ọwọ́ wọn wà nínú aró dé ìgbọ̀nwọ́, wọn ò yọ ọ́. "Ṣé ó ti gbowó?" Ó ti gba àsansílẹ̀. Ó ku kí n fọwọ́ sí ìwé tó fi ránṣẹ́ sí mi. "Ìwọ?"
Èmi. Ilẹ̀ Bàbá ni, Bàbá ti kú, opó kì í jogún ọkọ. Èmi àti Bọ̀dá, àwa ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ló ni ín. Màmá rò pé ọdún mẹ́rìnlélógún tí àwọn ti ń rẹ aṣọ níbẹ̀ ti sọ ọ́ di tàwọn. Kò sẹ́ni tó là á yé wọn rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ibà mú Wùnmí ọmọ mi. Kò mu ọmú. Ìyẹn nìkan ni tòní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Ara Wùnmí ti yá. Ẹbí pàdé nílé àbúrò Bàbá — Onítábà, mi ò jẹ́ pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Bọ̀dá wọ kóòtù òyìnbó wá láti Èkó. Ó ní ìwé tí Bàbá kọ́ mi, ogún tèmi nìyẹn. Ọmọbìnrin mélòó ládùúgbò ni bàbá wọn rán lọ sílé ìwé gíga? Mo ní Bàbá kọ́ ẹ̀yin náà níwèé, ṣé tiyín kì í ṣe ogún? Onítábà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fajú ro: ọmọbìnrin tó ti wà nílé ọkọ, kí ló tún ń wá nílé bàbá?
"Ilé ọkọ ni mo lọ, sà. N ò kú."
 

Ọjọ́ Àìkú, 10
A dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ní kí n fọwọ́ sí i. "Má torí ìkòkò bá ọmọ ìyá rẹ jà. Ta ni yóò sin mí?" Mo ní rárá. Mi ò sọ rárá fún Màmá rí. Inú mi dùn — lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ sí i, èmi ni mo lé wọn jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wí fún Wùnmí náà pé ìwé tó kà ti tó ogún fún un ńkọ́?

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo fi lẹ́tà rán awakọ̀ sí Bọ̀dá. Mo dà á kọ síbí, kí n má baà sẹ́ ẹ:

"Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò ní fọwọ́ sí i. Ẹ dá owó ọkùnrin yẹn padà. Ẹ jẹ́ kí á jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Màmá ni yóò máa lo ẹ̀yìnkùlé títí ọjọ́ ayé wọn. Lẹ́yìn wọn, ìdajì tiyín, ìdajì tèmi. Bí ẹ ó bá bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí, ẹ má torí ẹ̀ má wá kí Màmá ní Kérésì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn."