Hámzàt Àdìgún Sàláwù Ni Orúkọ Wọn, Kì í Ṣe Adamu

Ọdún 1927 ni a bí olóògbé, bàbá wa, Hámzàt Àdìgún Sàláwù, ní agbo-ilé Ìdí-Orógbó, Òkè Àpómù, ní ìlú Ìlọrin. Hámzàt ni àlùfáà sọ wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ. Àdìgún ni oríkì wọn láti ẹnu ìyá wọn, Raliat, tí ń ta iyọ̀ àti káún. Sàláwù ni bàbá tí ó bí wọn lọ́mọ, oníṣòwò obì tí ń bá rélùwéè gòkè wá sí Zaria. A kọ ọ́ ní kíkún, ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wá bá wa ṣe àdúà, nítorí orúkọ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ní í sọ lónìí. Kò sí Adamu kankan nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1934, gbogbo ẹbí kó wá sí Sábó Gàrí. Olóògbé kọ́ kéú lọ́dọ̀ àlùfáà ará Ìlọrin kan, wọ́n sì parí ìwé mẹ́fà ní ọdún 1943. Ọdún náà ni bàbá wọn kú, ìwé kíkà sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé wọn dára débi pé gbogbo ará Ìlọrin ní Sábó ni ó ń gbé lẹ́tà wá fún wọn kọ.

Ní ọdún 1952, wọ́n fẹ́ màmá wa, Mùínàt, ọmọ Ọ̀yọ́, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ nítorí ògì gbígbóná wọn, kókó tí àwọn Hausa ń mu láàárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ògì yìí sọ́kàn, a óò tún padà sórí rẹ̀.

Ọdún 1954 ni wọ́n wọ iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ohun ọ̀gbìn kékeré kan tí ó wà lójú ọ̀nà Dákàcè nígbà náà. Koríko ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Lẹ́yìn náà wọ́n mú wọn wọlé láti máa fọ ìgò. Òyìnbó kan tí ó wà níbẹ̀ rí i pé ojú wọn mú, ó sì kọ́ wọn ní lílo ẹ̀rọ tí ń mú ohun kékeré tóbi lójú. Nígbà tí òyìnbó náà fi máa lọ sílé, kò sí kòkòrò ewé tàbí ti gbòǹgbò tí Bàbá kò lè dá mọ̀.

Ní ọdún 1972, ọ̀gá tuntun dé, dókítà ìwé, kì í ṣe dókítà aláìsàn. Òun kò dárúkọ bàbá wa, àwa náà kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ kò sì ní rí “wọ́n” níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, “ó” ni. Bàbá Àjíṣafẹ́, ẹ̀gbọ́n olóògbé lọ́dọ̀ ìyá, ti bá wa wí lórí èyí. Wọ́n ní Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ àgbà bẹ́ẹ̀, àti pé a kì í fi ìbínú sin òkú. A tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn. A kò yí i padà.

Ní oṣù Kejì ọdún 1974, Malam Abdulrahman, àgbẹ̀ kan ní fàdámà, ilẹ̀ oko etí odò, lẹ́yìn Dákàcè, fa tòmátì mẹ́ta tí ó ti rọ tu ti gbòǹgbò ti gbòǹgbò, wọ́n gbé e wá sí ibùdó. Ọdún kẹta nìyẹn tí oko wọn ń kú. Wọ́n ti ní ọmọ ìyá wọn ló rì nǹkan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì kí ara wọn mọ́. Ọ̀gá wo ewé rẹ̀ lóòró, ó ní omi ni kò tó, ó ní kí wọ́n máa lọ. Omi kẹ̀? Létí odò? Bàbá ṣa tòmátì náà nílẹ̀, wọ́n fọ gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ti sọ kókó káàkiri bí oríkèé ìka ẹni tí làkúrègbé ń bá jà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tú kókó kan lábẹ́ ẹ̀rọ. Aràn ni ó wà nínú rẹ̀, funfun, kò tó orí abẹ́rẹ́.

Ọ̀gá kò gbà. Ó ní bí aràn bá wà lóòótọ́, kí wọ́n mú un jáde láti inú iyẹ̀pẹ̀ kí òun rí i, ó sì mọ̀ pé ibùdó kò ní aṣọ tí a fi ń sẹ́ ẹ. Bàbá kò bá a jiyàn. Wọ́n wá sílé, wọ́n mú aṣọ tí màmá wa fi ń sẹ́ ògì. Wọ́n di iyẹ̀pẹ̀ oko Malam sínú rẹ̀, wọ́n gbé e lé orí àrọ tí wọ́n ti dí ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí omi sì wà nínú rẹ̀. Aràn tí ó bá wà láàyè a máa la aṣọ kọjá bọ́ sínú omi. Iyẹ̀pẹ̀ a dúró lókè. Lọ́jọ́ kejì, aràn kún ìsàlẹ̀ omi. Ariwo màmá wa lọ́jọ́ náà, gbogbo Sábó ló gbọ́ ọ: “Bàbá Sarat, ṣé aràn ni kí n máa sẹ́ fún oníbàárà ni?” Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń pe Bàbá ní Mai Tsutsa, Bàbá Aláràn. Bàbá ń jẹ́ ẹ, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín sí i. Màmá ní tiwọn gbẹ́sẹ̀ lé ìwé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí Bàbá kọ iṣẹ́ náà sí, wọ́n tì í mọ́nú àpótí, wọ́n ní kò ní jáde títí aṣọ ìsẹ́-ògì mìíràn yóò fi dé. Aṣọ náà kò dé. Ẹ ṣeun, Màmá.

Nígbà tí Malam Abdulrahman fi ojú ara wọn rí aràn náà, wọ́n bú sẹ́kún. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ilé ọmọ ìyá wọn lọ láti tọrọ àforíjì. Ẹni tí ó bá ní ìgò ni Bàbá ń fọ̀, kí ó sọ irú ìgò tí ń parí ìjà ọmọ ìyá fún wa.

Bàbá pín oko Malam sí ọ̀nà mẹ́rin. Aràn yìí kì í rí oúnjẹ lára ẹ̀pà, nítorí náà wọ́n ní kí a gbin ẹ̀pà fún ọdún méjì kí a tó dá tòmátì padà, kí ebi lè pa aràn kú. Ọdún 1975 ni ẹ̀pà kú káàkiri ilẹ̀ Hausa. Tiwọn náà kú. Wọ́n tún un gbìn. Gbogbo Sátidé, òjò tàbí ọyẹ́, orí kẹ̀kẹ́ Ràlé ni wọ́n wà lọ́nà Dákàcè. Ní ọdún 1979, apá ibi tí Malam kì í ti í rí ju apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta lọ so apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlélógún. Ìwé àkọsílẹ̀ márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ kún. Ọ̀gá gba mẹ́rin lọ́wọ́ wọn, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní táípù.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1981, ìwé ìwádìí kan jáde ní Ìlú Ọba lórí iṣẹ́ náà. Ojú ewé mọ́kànlá, orúkọ ọ̀gá nìkan ló wà lókè. Oko Malam wà níbẹ̀. Ẹ̀pà wà níbẹ̀. Aṣọ ìsẹ́-ògì màmá wa pàápàá wà níbẹ̀, ó ti di ọgbọ́n orí ọ̀gá. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé ìkẹyìn, ní lẹ́tà wínníwínní, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ “Malam Adamu tí ó bá wa fọ ìgò”. Adamu! Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ń pe Àdìgún ní Adamu. Bàbá tún un ṣe, tún un ṣe, ó rẹ̀ wọ́n. Ojú kò tì í láti jí iṣẹ́, kò tún lè pe orúkọ ẹni tí ó jí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ká a, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n kírun. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n béèrè ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀gá ní wọ́n ti sọnù nígbà tí òun ń kó ilé. Bàbá wá sílé, wọ́n ní, “Ọlọ́run mọ orúkọ mi.” Àwọn lè sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn wọn mọ́. Àwa kò tíì dé ibẹ̀.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 1982. Wọn kì í fi ìrun Àsùbá jáfara ní mọ́sálásí àdúgbò, àwọn sì ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ìlọrin ní Sábó láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Àwọn àgbẹ̀ kò yéé gbé gbòǹgbò wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n sì jáde láyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá, ọdún 1983. A kò sọ pé ìwé ọ̀gá ló pa wọ́n. Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n a mọ ọjọ́ tí wọ́n dẹ́kun ẹ̀rín.

Ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú, ọ̀gá wá kí wa. Ó mú ìwé kan tí a tẹ̀ ní táípù lọ́wọ́, ó ní kí a fi sínú ìwé àdúà yìí, ní ojú ewé tirẹ̀. Màmá ní kí Sarat kà á sókè. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni: “Olóògbé Malam Adamu.” Níwájú opó! Màmá dìde. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé láti ọjọ́ aṣọ ògì jáde, wọ́n gbé e lé e nítan. Wọ́n ní kí ó ka orúkọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kà á. Ó ní àṣìṣe ẹni tí ó tẹ táípù ni. Màmá ní, “Ẹ tún un kà.” Ó tún un kà, ó sì dìde lọ.

Olóògbé fi sáyé lọ: opó wọn, Mùínàt, àwọn ọmọ, Sarat, olùkọ́ ní Tudun Wada, Sànní, mẹkáníìkì ní Dákàcè, àti Láwàl, tí ó ṣì ń kàwé, ọmọ-ọmọ méje, Bàbá Àjíṣafẹ́, àti Malam Abdulrahman, tí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì wá lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ojú ewé tí ọ̀gá ń fẹ́ ni èyí tí ó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni a tẹ ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé Bàbá sí: àwòrán gbòǹgbò tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yà, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì ọdún 1974, orúkọ wọn ní kíkún, àti àbàwọ́n ògì ní igun rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tí ènìyàn ti tẹ̀ láyé yìí, èyí tí ẹ mú lọ́wọ́ ni àkọ́kọ́ tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi pọ́n àkàrà.

Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó fi àlùjánnà kẹ́ wọn, kí ó sì fi orúkọ wọn gan-an pè wọ́n wọlé. Ẹ sùn re o, Hámzàt Àdìgún Sàláwù.