Bí A Ṣe Lo Ọyẹ́ ní Àjàṣẹ́ Láì Ta Ilẹ̀ Ìgàndò

Bàámi tí ọkàn mi ń fà sí,

Ẹ kú ìsinmi. Ilẹ̀ Ìgàndò ṣì wà lọ́wọ́ wa. Mo mọ̀ pé òun ni ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ síwájú, kí ọkàn yín lè balẹ̀ gbọ́ ìyókù. Ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn gba àárín wọ ọ̀rọ̀. Ẹ ó na ìka kan sókè, orín á wà lẹ́nu yín, èmi náà á sì padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ó dáa, ìdí rẹ̀ nìyí.

Ọyẹ́ tètè dé ní ọdún tí ẹ fi wá sílẹ̀ yìí. Katakata tó ń la ọ̀nà ní Ìkòtún kò sinmi. Eruku pupa bo òrùlé, ó bo aṣọ tí a sá, ó wọ inú àmù. Ikọ́ Màámi, èyí tí ẹ máa ń tìtorí rẹ̀ dìde lọ gbé omi kaná, wá le débi pé wọn kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé oògùn nìkan kò lè ṣe é, kí n gbé wọn kúrò nínú eruku títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀.

Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ní ilẹ̀ Ìgàndò ni kí a tà láti fi rówó gbé wọn lọ. Ẹ má bínú sí wọn, wọn kò gbèrò ibi. Owó epo ti wọ ìlú, gbogbo ẹni tí wọ́n fi kún owó oṣù rẹ̀ ló ń wá ilẹ̀ kiri, oníbàárà kan sì ti wà nílẹ̀ tó fẹ́ san owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n mo rántí ìgbà tí ẹ ra ilẹ̀ yẹn, tó jẹ́ igbó kìjikìji, tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ń bi yín bóyá ọ̀yà lẹ fẹ́ bá ṣe aládùúgbò. Owó iṣẹ́ káfíńtà lẹ fi rà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó kí n máa wò ó kí ó lọ?

Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, mo sọ̀rọ̀. Mo ní àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà ń wá yàrá, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ wọn ń lọ. Kí a fi ilé háyà fún wọn títí òjò yóò fi dé, kí èmi àti Màámi lọ gbé Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ẹnubodè, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà wà, tí wọ́n gbọ́ èdè wa, tí nǹkan kò sì wọ́n. Owó ilé Ìkòtún á bọ́ wa lọ́hùn-ún.

Bàbá Kékeré yíjú sí mi.

“Ìwọ tí o kò tíì gbé bùkátà ilé ọkọ rí, ìwọ lo fẹ́ gbé bùkátà ìlú òkèèrè? Ṣé wọ́n kọ́ ọ níyẹn ní sẹ́kọ́ńdìrì ni?”

“Ẹ jẹ́ kó dán an wò,” ni Màámi wí.

“Bí owó bá wá tán lọ́hùn-ún ńkọ́?”

“Bó bá tán, kí ẹ ta ilẹ̀,” ni mo wí.

Ẹnu mi ló ti jáde, Bàámi. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Mo lọ bá àwọn obìnrin tó ń kó ẹja láti Àjàṣẹ́ wá sí ọjà Ìkòtún. N kò bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń ra ọjà. Iye tí wọ́n fi ń jẹun lọ́hùn-ún ni mo bi wọ́n. Oníṣòwò lè purọ́ nípa ọjà rẹ̀, kì í purọ́ nípa ebi rẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà san owó ilé sílẹ̀, mo ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá gbé yín lọ sí ìlú mìíràn: owó ọkọ̀ tí a ó fi padà wálé ni mo kọ́kọ́ yọ, mo rán an mọ́ etí yẹ̀rì mi. Mo yọ owó yàrá, mo yọ owó oògùn, kí n tó dé orí oúnjẹ. Owó oúnjẹ, mo dì í ní kókó aṣọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀sẹ̀ kan sí kókó kan. N kò sì ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí owó bá ṣì wà ní náírà, ọwọ́ kì í tètè ná an ní ìlú onísẹ́fà.

A rí yàrá kan gbà nílé opó kan létí ọ̀sà. Ìyá Onílé ni gbogbo agboolé ń pè wọ́n. Màámi jáde lọ sọ́jà, wọ́n padà wá bí ọmọdé lọ́jọ́ ọdún.

“Ọ̀fẹ́ ni o! Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ta nǹkan níbí!”

Ohun tó fẹ́ pa wá lára gan-an nìyẹn. Nǹkan tó bá pọ́ọ́kú, ẹni tó ti Èkó wá kì í mọ ìgbà tó bá ti rà á jù. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ti odò dé, mo bá ìkòkò ńláńlá lórí iná. Màámi ti tú kókó aṣọ mi, wọ́n ti ra ìrẹsì, wọ́n ti ra ewúrẹ́. Sàráà yín ni wọ́n ń ṣe, fún gbogbo agboolé.

“Àlejò kì í wọ ìlú kó máa yọ́ jẹun,” ni wọ́n wí fún mi. “Bàbá rẹ náà á sì gba láádá rẹ̀.”

Orúkọ yín ni wọ́n fi bò mí lẹ́nu. Mo bu ìrẹsì sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé abọ́ kan sílẹ̀ ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì ń ka iye ọ̀sẹ̀ tó ń bá ìrẹsì náà lọ. Oúnjẹ tí ì bá gbé wa dé ìdajì ìgbà tó kù ni wọ́n jẹ tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ṣé bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ó bá mi bínú ni, àbí ẹ ó jókòó ti ìkòkò?

Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Kékeré yọ sí wa láìròtẹ́lẹ̀. Wọn kò tíì mu omi tán tí wọ́n fi bèèrè owó. Màámi kì í purọ́. Wọ́n sọ ti sàráà.

“Mo sọ! Ṣé n kò sọ? Oníbàárà yẹn ṣì ń dúró o.”

Màámi wolẹ̀. “Ẹ̀bi mi ni. Ẹ tà á, jàre.”

Ìgbà náà ni Ìyá Onílé kan ilẹ̀kùn.

“Ìyá Èkó, ẹ gba abọ́ yín o!”

Gàrí kún abọ́ náà dé ẹnu, ẹja yíyan wà lórí rẹ̀. Bàbá Kékeré ní kí ló dé tí wọ́n ń ta wá lọ́rẹ.

“Ọrẹ kẹ̀? Abọ́ sàráà la ń dá padà. Ẹni tó bá rí nǹkan lóko, ẹni tó bá rí nínú àwọ̀n, á gbé tiẹ̀ wá. Àbí òfìfo lẹ̀ ń dá abọ́ padà ní tiyín? Ẹ̀yin ará Èkó, epo bẹntiróòlù ti fọ ìwà yín dànù ni?”

Bàbá Kékeré kò mọ ìgbà tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ gàrí náà, wọ́n jẹ ẹja náà, wọ́n ní àwọn á máa wò wá títí àkọ́rọ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ yìn mí nìyí, Bàámi. Abọ́ tó kù ṣì pọ̀ níta, ṣùgbọ́n n kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Mo ṣọ́ ohun tó ń wọlé: àgbàdo, gàrí, ẹja. Mo ṣọ́ ohun tí kò ní í wọlé láéláé: epo pupa, kẹrosíìnì, oògùn ikọ́. Mo tú gbogbo ètò mi palẹ̀, mo tún un tò, ìwọ̀nba owó tó kù kò ra oúnjẹ mọ́ àfi àwọn tí abọ́ kì í gbé wá. Màámi ń se ọbẹ̀, àwa náà ń bù ú ránṣẹ́, kí abọ́ má baà dúró. Màámi fúnra wọn ló ń gbé e láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á jókòó, wọ́n á tàkúrọ̀sọ. Díẹ̀díẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé mo ti ń sùn mọ́jú, ikọ́ wọn kò jí mi mọ́.

Àkọ́rọ̀ rọ̀, a dé. A kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Bàbá Kékeré mú wa lọ sí Ìgàndò. Bí a ṣe dúró létí ilẹ̀ náà, ọkùnrin kan tó wọ leésì sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ní ṣé títà ni. Bàbá Kékeré nawọ́ sí mi.

“Ẹ bi í. Òun ni ọ̀gá wa.”

N kò tíì dáhùn tí ohùn Màámi fi dún láti ìpẹ̀kun ilẹ̀ náà lọ́hùn-ún, nínú koríko tútù. Wọ́n ti dá rìn ín já.

“Ẹ fi oníyẹn sílẹ̀, ẹ máa bọ̀ níbí! Ibi tí yàrá mi máa wà rèé, kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn, kí n máa rí ẹni tó ń bọ̀!”

Ohùn yẹn lọ já gaara, kò sí ikọ́ nínú rẹ̀, Bàámi. Ọkùnrin náà padà sínú mọ́tò rẹ̀. Ṣé ohùn Màámi dé ọ̀dọ̀ yín?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó ń fi orúkọ yín yan fanda ní Ìkòtún.