Omi Kì í Fọ Èéfín

Suhad ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó wà lórí rẹ níbi tí o wà ní Amman yẹn. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé òtútù ò mú ọ jù? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ bàjẹ́, kò ní fi ọ́ lé ọ̀gá burúkú lọ́wọ́. Nayifu ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, akọ kan, abo kan, òrùlé ilé ìdáná sì ṣì ń jò. Mi ò ní kí ọ ju báyẹn lọ, torí inú ń bí mi.

Ta ló ní kí o lọ fẹjọ́ ìyá tó bí ọ sùn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni nọ́ọ̀sì kan wọlé tọ̀ mí wá, ó ní Itafu lorúkọ òun, ó ní àwọn ìyá tó ń fa tábà lòun máa ń gbà nímọ̀ràn nítorí ọmọ tó wà nílé wọn. Ó ní ìwọ lo júwe ilé mi, pé ìwọ náà ń gbìyànjú láti jáwọ́ nínú sìgá, pé ọ̀rọ̀ Kaisi ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi ló ń kó ọ lọ́kàn sókè, torí ikọ́ fée tó ń fojú rẹ̀ rí màbo. Ìwọ Suhad! Ìwọ tó jẹ́ pé láti ọmọ ọdún méje lo ti ń bá mi fẹ́ iná èédú ṣíṣà!

Mo gbà á lálejò bó ṣe yẹ. Mo se kọfí, mo to tábà tuntun sórí ṣíṣà, mo na ọ̀pá rẹ̀ sí i. Ó lóun ò fà. Nínú ilé mi! Nígbà ayé bàbá rẹ, kò sí àlejò tó kọ ṣíṣà wa rí. Mo gbé e mì. Nígbà tó ń lọ, ó gbé ẹ̀rọ funfun kan sórí àpótí, kò ju àwo ọṣẹ lọ, ó ní nọ́ńbà ni yóò máa kọ, òun á padà wá wò ó.

Ọmọ mi, mo rò pé ìdánwò ni. Kí ni nọ́ńbà ì bá tún jẹ́ bí kì í bá ṣe máàkì? Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò wá mu kọfí àárọ̀ lọ́dọ̀ mi bí ìṣe wa, ṣíṣà mẹ́ta la tàn, a ti fèrèsé nítorí òtútù, Kaisi sì sùn sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó dé igba, ó kọjá ọ̀ọ́dúnrún. Mo pàtẹ́wọ́. Itafu gbé irú ẹ̀rọ yẹn sílé Ìyá Mutasim, ọ̀kan nínú wọn náà, ogójì péré ni tiẹ̀, mo sì pè é ní olódo lójú gbogbo wọn títí ó fi bínú lọ sílé.

Ọjọ́ tí Itafu padà dé, mo ti wọ aṣọ tó dáa dè é. Ó wo nọ́ńbà, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní èéfín tí Kaisi ń fà símú ni ẹ̀rọ náà ń kà. Mo ní irọ́ ni, pé omi inú ìgò ṣíṣà ń fọ̀ ọ́ mọ́, pé mo tiẹ̀ ń fi ewé míńtì sí i nítorí ikọ́ ọmọ náà.

Ó ní, "Màmá, omi kì í fọ èéfín. Ó kàn ń mú un tutù ni."

Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá lé e jáde. Kò bú mi, alárékérekè ni obìnrin yẹn. Ó bi mí pé, "Kí ló wù yín kí Kaisi lè ṣe?" Mo ní kó bá mi gun òkè dé ìdí igi ólífì wa nígbà ìkórè. Ó ní, "Ṣé ó gùn ún lọ́dún yìí?"

Suhad, mi ò sọ fún ọ. Kò lè gùn ún. Agbede méjì ló jókòó sí, àyà rẹ̀ ń súfèé, mo pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀, mo ní eruku ni. Ẹnu èmi fúnra mi ni obìnrin yẹn fi dá mi lẹ́jọ́, ohun tó sì ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ewúrẹ́ ni mo ti ń fa ṣíṣà, èmi arúgbó, nínú òtútù, bí ẹni tó jalè. Mo sọ fún àwọn obìnrin pé kọfí nìkan ló kù nínú ilé mi. Àwọn méjì ò wá mọ́. Ìyá Mutasim wá ní tiẹ̀, ó ń fi ogójì rẹ̀ yangàn. Lánàá, Kaisi ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Màmá àgbà, ṣé kí n wá jókòó tì yín?" Mo ní kó padà sínú ilé. Kò padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo imú, ó ń wò mí. Mo da omi sórí èédú, tábà náà ò tíì jó dé ìdajì. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́. Ẹ̀wù òtútù tó nípọn ni mo fẹ́, torí ìwọ lo lé mi síta. Tábà olóòórùn ápù tí o máa ń rà fún mi lóṣooṣù, ìdajì ni kí o rà. Fi owó ìdajì tó kù ra bàtà fún Kaisi, èyí tó di ilẹ̀ mú dáadáa, torí òkè wa ń yọ̀. Tí mo bá sì gbọ́ pé o tún fa sìgá, màá gbé ẹ̀rọ funfun yẹn wá bá ọ ní Amman.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ fún mi. Yóò dá ẹ̀mí mi sí di ìkórè tó ń bọ̀, kí Kaisi dé ìdí ólífì ṣáájú mi, kó máa pariwo láti òkè pé kí n tètè máa bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ṣì ń bí,
Ìyá Nayifu.